Ìwé Àdéhùn Tí Owú Bá Mi Kọ

Òwò gẹdú ni ọkọ mi ń ṣe ní Ìkìrun nígbà tí mo fẹ́ ẹ. Kò tíì ní ẹ̀rọ ìlagi nígbà yẹn. Àwọn alayùn ló ń bá a ṣiṣẹ́. Wọn á gbẹ́ kòtò sábẹ́ igi tí wọ́n bá gé, ẹnì kan á dúró lókè, ẹnì kejì á wà nínú kòtò, wọn á sì jọ máa fa ayùn títí igi náà á fi di pákó. Àwọn káfíńtà Ìkìrun àti Òṣogbo ló ń rà á. Ṣùgbọ́n kí ayùn tó kan igi, ẹnì kan ní láti bá àwọn tó ni ilẹ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n fẹnu kò, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkọ mi mọ ọ̀rọ̀ sọ, àmọ́ kò mọ̀wé ju kó kọ orúkọ ara rẹ̀ lọ. Èmi ni mò ń kọ ìwé àdéhùn fún un.

Mo ka ìwé mẹ́fà nílé ìwé ìjọ Áńgílíkà, mo sì kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké fúngbà díẹ̀ kí n tó lọ sílé ọkọ. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin kan jẹ́ akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé tó lágbára. Ó máa ń sọ pé ìwé àdéhùn tí kò bá dẹ́rù ba èèyàn, ìwé orin ni. Nítorí náà, bí mo bá jókòó kọ̀wé, "kò gbọdọ̀" ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, "kóòtù" ni mo fi ń parí rẹ̀. Ọkọ mi á fà sún mọ́ mi, á ní kí n kà á sókè. Bí mo bá kà á dé ibi tó le, á mi orí, á ní, "Ìyẹn dáa." Ó máa ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ìyàwó òun mọ ìwé àdéhùn kọ dáadáa. Gbólóhùn yẹn dùn mọ́ mi nínú ju aṣọ tó ń rà fún mi lọ.

Ìdílé kan wà ní Òkukù tó ní igbó ńlá. Ìrókò àti àfàrà ló kún inú rẹ̀, ọkọ mi sì fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kóun gé níbẹ̀. Mo kọ ìwé náà bí mo ṣe máa ń kọ ọ́. Mo kọ ọ́ pé ọkọ mi ra àwọn igi náà, pé ó ní àṣẹ lórí ibi tí wọ́n dúró lé títí tó fi máa gé wọn tán, pé àwọn tó tà á kò gbọdọ̀ dí i lọ́wọ́, àti pé ẹni tó bá dí i lọ́wọ́ yóò fojú ba kóòtù. Ìdílé náà dá ìwé padà. Wọ́n ní àwọn máa rò ó. Mo tún un kọ, mo tiẹ̀ fi kún agbára rẹ̀, nítorí mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ fa owó sókè ni. Wọ́n tún dá a padà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ mi ti Òkukù dé, orin ló sì ń kọ bọ̀ lẹ́nu. Kò tíì jókòó tó fi sọ pé wọ́n ti tẹ̀ka.

Mo ní, "Wọ́n tẹ̀ka sí ìwé mi?"

"Rárá o. Tíṣà kan ló tún un kọ. Ilé wọn ò jìnnà sí ilé àwọn onígbó. Ó ń kọjá lọ, wọ́n ní kó wá bá àwọn ka ohun tó wà nínú ìwé, ó kà á, ó sì bi wọ́n léèrè ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Wọ́n ní àwọn kì í ta ohun tí bàbá àwọn fi sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n má tà á nígbà náà, kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀. Owó kò yí padà. Igi kò yí padà. Ọ̀rọ̀ kan péré ló yí padà, gbogbo wọn sì tẹ̀ka sí i lójú ẹsẹ̀."

Ó na ìwé náà sí mi. Mo kà á. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé, "Àwa ìdílé yọ̀ǹda àwọn igi tí a fi ẹfun sàmì sí fún ọ̀rẹ́ wa tó wá láti Ìkìrun. Ilẹ̀ ṣì jẹ́ tiwa. Bí èdè-àìyedè bá wáyé, àwa méjèèjì yóò kọ́kọ́ jókòó sọ ọ́ láàrin ara wa kí ẹnikẹ́ni tó gbé e lọ síbòmíràn." Kò sí kóòtù níbẹ̀. Kò sí "kò gbọdọ̀" kan.

Mo ní, "Àwa méjèèjì. Ta ni àwa méjèèjì?"

"Èmi àti ìdílé náà ni. Ta ló tún máa jẹ́?" Ó rẹ́rìn-ín. "Àbí o ò rí i? Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò."

Ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Kò parí òwe náà, ṣùgbọ́n mo mọ ìparí rẹ̀, mo sì mọ ẹni tó ń bá wí.

Mo bi í bóyá Tíṣà náà ti dàgbà. Ó ní kò dàgbà, ọkọ rẹ̀ ló kú. Ohùn tó fi sọ ọ́ rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé Tíṣà yìí, obìnrin ni.

Láti ọjọ́ yẹn, oúnjẹ kan ò gba ọ̀nà ọ̀fun wa kọjá kí Tíṣà má bá a wọlé. Bí àwọn alayùn bá ń jà, ọkọ mi á ní Tíṣà ní kéèyàn máa kọ́kọ́ béèrè ohun tí oníkálukú fẹ́. Bí mo bá bínú sí ọmọ, á ní Tíṣà ní ohùn tó bá ga jù kì í dé etí. Èmi náà ti ṣe tíṣà rí, àmọ́ kò sẹ́ni tó rántí. Kò ní kí n kàwé sókè fún òun mọ́. Mo rí ìwé òfìfo kan lórí tábìlì fún ọjọ́ pípẹ́, mo ń retí pé á pè mí. Kò pè mí.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ kan àwọn ará Ìnísà. Ìdílé kan níbẹ̀ ní igbó létí Odò Ọ̀tìn, ọkọ mi sì fẹ́ bá wọn ṣe àdéhùn. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà wa mọ̀ pé Ìnísà lèèyàn á kọ́kọ́ dé láti Ìkìrun kó tó kan Òkukù. Ọkọ mi wọ ọkọ̀ akẹ́rù, ó gba iwájú ilé àwọn tó fẹ́ bá ṣòwò kọjá, ó lọ sí Òkukù lọ kọ ìwé, ó tún wá ṣẹ́rí padà sí Ìnísà. Dẹ́rẹ́bà ló sọ fún mi, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni. Mo ń ka pákó fún àwọn káfíńtà nígbà tí mo gbọ́ ọ, iye tí mo ti kà sì pòórá lórí mi.

Àwọn ará Ìnísà kò tíì tẹ̀ka. Wọ́n ní kó padà wá lọ́jọ́ ọjà wọn, kí gbogbo ẹbí lè pé. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọkọ mi ní, "Níbo lò ń lọ?"

"Mò ń bá yín lọ."

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe?"

"Ìwé àdéhùn ni. Ṣèbí iṣẹ́ mi ni tẹ́lẹ̀."

Òkukù la kọ́kọ́ lọ, nítorí ó ti ṣèlérí pé òun máa mú Tíṣà dání kó lè ka ìwé náà fún wọn. Mo ti fi ọkàn ya àwòrán rẹ̀ lónírúurú ọ̀nà. Mo ti fún un ní ẹsẹ̀ wíwọ́, mo ti fún un ní eyín gígùn. Obìnrin tó jáde sí wa ga, ó dúdú, ó mọ́ tónítóní, èjí wà lẹ́nu rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi kí n tó sọ̀ kalẹ̀ tán.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀. Mo ti rí ìwé yín. Ọwọ́ ìkọ̀wé yín dáa ju tèmi lọ."

Mo dúpẹ́. Ọwọ́ ìkọ̀wé nìkan ló yìn, kò yin ohun tí mo kọ.

Ó gbé omi wá, ó gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá. Lẹ́yìn náà ó mú ìwé Ìnísà jáde, ó ní òun fẹ́ kí ọkọ mi tún ṣàlàyé ohun kan fún òun. Ó bi í pé, "Kí ni ẹ fẹ́ gan-an nínú igbó yìí? Kì í ṣe igi nìkan lẹ fẹ́." Ọkọ mi ronú díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun pé àwọn alayùn lè fi òun sílẹ̀ tí igi bá tán nítòsí. Ó ní òun fẹ́ igbó tó máa pẹ́, torí òun fẹ́ ra ẹ̀rọ ìlagi, kí òun fi sí ẹ̀gbẹ́ rélùwéè.

Mo gbé ife omi sílẹ̀. Èmi tí mò ń bá a gbé, tí mo bí ọmọ fún un, ilé obìnrin yìí ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ọkọ mi fẹ́ ra ẹ̀rọ. Ká sọ pé mo ká wọn mọ́ inú yàrá, n ò rò pé ì bá dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan tí mo lè tọ́ka sí. Obìnrin náà béèrè ọ̀rọ̀, ọkùnrin náà dáhùn. Èmi ni n kò béèrè rí.

Ní Ìnísà, wọ́n ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ dè wá nínú gbọ̀ngán. Baálé ilé jókòó sórí àga, àwọn ẹbí tó kù yí i ká. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìyá àgbà ni, ọmọ-oṣú tó ti padà sílé bàbá rẹ̀. Tíṣà ka ìwé náà pẹ̀lú ohùn tútù. "Àwa ìdílé yọ̀ǹda." "Ilẹ̀ ṣì jẹ́ tiwa." "Àwa méjèèjì yóò máa bọ̀wọ̀ fún ohun ìní ara wa." Gbogbo wọn ń mi orí. Inú ọkọ mi dùn débi pé ó ti ń wo ibi tí yíǹkì wà.

Ìyá àgbà ní, "Ọ̀rọ̀ yìí dùn."

Tíṣà ní, "Ẹ ṣé, Mà."

"N ò tíì parí. Onígẹdú tó kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà dùn. Ó pè wá ní ọ̀rẹ́. Ọ̀rẹ́ náà ló gé igi obì ìyá mi lulẹ̀ mọ́ ìrókò. Níbo ni ẹ kọ ọ́ sí pé ọkùnrin yìí ò ní ṣe bẹ́ẹ̀?"

"A kọ ọ́ pé àwa méjèèjì á máa bọ̀wọ̀ fún ohun ìní ara wa, Mà."

"Ọ̀wọ̀ kọ́ ni mo béèrè. Igi obì ni mo béèrè."

Baálé ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó hàn pé kò ní tẹ̀ka tí ìyá yìí kò bá gbà. Tíṣà tẹjú mọ́ ìwé, ó gbé gègé sókè, ó tún gbé e sílẹ̀. Mo jẹ́wọ́ pé inú mi dùn fún ìṣẹ́jú yẹn. Ọkọ mi ń wo Tíṣà bí ẹni tó ń retí òjò. Kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá, àìwò yẹn ló gbé mi dìde. Mo ní kí wọ́n fún mi ní gègé.

Mo jókòó sórí ẹní, mo gbé ìwé náà lé itan, mo sì kọ tèmi sábẹ́ ohun tí Tíṣà kọ. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, mo kà á sókè, ojú ọkọ mi ni mo sì ń wò bí mo ṣe ń kà á.

"Èmi ọkùnrin tí ó wá gé igi, n kò gbọdọ̀ kọjá ààlà tí a fi hàn mí. Igi obì, àti ohun yòówù tí kì í ṣe tèmi, n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ì báà lẹ́wà lójú mi. Ibi tí a kò rán mi, n kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Bí mo bá gba ọ̀nà ẹ̀bùrú lọ síbòmíràn, àwọn tó nilé ní àṣẹ láti lé mi jáde, n kò sì ní sọ pé n kò mọ̀. Ohun tí mo bá bà jẹ́, èmi nìkan ni n ó tún un ṣe."

Ọkọ mi ti gbé ojú wolẹ̀ kí n tó kà á dé ìdajì.

Ìyá àgbà ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó wá yíjú sí baálé, ó ní, "Ẹni yìí mọ ohun tó ń sọ. Ta ni?"

Ọkọ mi ní, "Ìyàwó mi ni, Mà."

"Ìyàwó ẹ ló kọ irú èyí sí ẹ lọ́rùn?"

"Òun ni, Mà."

"Ṣé o gbà á?"

Ọkọ mi wo ìwé, ó wò mí. "Mo gbà á, Mà."

Ìyá yẹn ló kọ́kọ́ na àtàńpàkò rẹ̀ síbi yíǹkì. Àwọn tó kù tẹ̀lé e. Ohun tí Tíṣà kọ fún ìdílé wà níbẹ̀ bó ṣe kọ ọ́, a kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò, nítorí òun ló jẹ́ kí wọ́n jókòó tì wá. Ohun tí mo kọ lòdì sí ilé ara mi ló sì jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ka. Owú ló kọ ọ́, kì í ṣe ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé bí èèyàn bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ líle sínú ìwé àdéhùn, ọrùn ara rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ gbé e kọ́.

Ọkọ mi bá àwọn ọkùnrin wọ igbó lọ fi ẹfun sàmì sí igi. Èmi àti Tíṣà rìn lọ sójú títì lọ dúró de ọkọ̀ tó máa gbé e padà sí Òkukù. A rìn díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ ohun tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀kan."

Mo ń wo ọ̀nà bóyá ọkọ̀ ń bọ̀.

"Ọkọ yín bá mi sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ó ti ṣe díẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo ti dá wọn lóhùn pé kò ní ṣeé ṣe."

Mo ní, "Báwo lẹ ṣe sọ ọ́?"

Ìbéèrè náà yà á lẹ́nu. "Mo ní mo dúpẹ́ pé wọ́n kà mí sí. Mo ní iṣẹ́ ìwé ni mo lè bá wọn ṣe, mo sì fẹ́ kí iṣẹ́ náà máa lọ. Mo ní mo mọ̀ pé wọ́n nílé tó dáa."

Ó yẹ kí ara tù mí. Àmọ́ ńṣe ni ọ̀rọ̀ náà tún gún mi níbòmíràn. Ọkọ mi tọrọ obìnrin yìí, obìnrin yìí sì kọ̀ ọ́, síbẹ̀ ọkùnrin náà ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn. Bí èmi bá sọ fún un pé iyọ̀ ti tán, ojú rẹ̀ á kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Mo tún rí i pé kì í ṣe ọkọ mi ló dá ilé mi sí. Tíṣà ló dá a sí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì di ẹrù rẹ̀ mú títí ó fi wọkọ̀. Kò sí ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Nígbà tí a délé, mo jẹ́ kí ọkọ mi jẹun tán. Mo ní, "Mo gbọ́ ohun tí ẹ bá Tíṣà sọ."

Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó pẹ́ lórí rẹ̀. "Ó sọ fún ọ?"

"Ó sọ."

"Ọ̀rọ̀ náà ti tán."

"Mo mọ̀ pé ó ti tán. Ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ rà ńkọ́, ṣé òun náà ti tán?"

Ó gbójú sókè. Mo ní kó sọ fún mi, kí ló ń bà á lẹ́rù níbẹ̀? Ó kọ́kọ́ ní kò sí nǹkan kan. Mo dúró dè é bí mo ṣe rí i tí Tíṣà ṣe. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà á pé òun lè ra ẹ̀rọ tán kí igi má tó o, kí àwọn èèyàn wá fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ní Ìkìrun. A sọ ọ́ lọ, a sọ ọ́ bọ̀.

Ó ra ẹ̀rọ náà kó tó di pé a gba òmìnira, èmi ni mo sì kọ gbogbo àdéhùn tó tẹ̀lé e. N kì í jókòó sílé kọ ọ́ mọ́. Èmi fúnra mi ń lọ bá àwọn tó ni igbó, mo ń bi wọ́n ní ohun tí wọn kò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fẹnu ara wọn sọ ni mo ń kọ síbẹ̀. Àwọn ará Ìnísà a tiẹ̀ máa ránṣẹ́ pè mí tí wọ́n bá fẹ́ bá ẹlòmíràn ṣe àdéhùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá kà á tán ní Òkukù, ẹnì kan á sọ pé, "Ó jọ ti Tíṣà." Wọ́n fi ń yìn mí ni. N kò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kó má ta mí lára.

Ọkọ mi padà fẹ́ ìyàwó kejì, ọmọ Ìbà, tó ń ta aṣọ. Àwọn ẹbí wá bá mi jókòó, wọ́n ní kí n mú un mọ́ra. Ó yà wọ́n lẹ́nu pé n kò sunkún. Ọmọ náà bọ̀wọ̀ fún mi, a jọ ń dáná, bí lẹ́tà bá dé bá a, èmi ló ń gbé e wá fún. Ọkọ mi kì í sọ nǹkan kan fún un tí n kò ti gbọ́. Owú rẹ̀ kò pọ̀ lára mi.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Tíṣà ń lọ fẹ́ ọkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, oníwàásù kan nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ọkọ mi ní ká fún un ní pákó tó máa fi ṣe bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní àfàrà á dáa. Ó lọ síbi tí pákó wà, ó ń fọwọ́ pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣa ìrókò, èyí tí kò ní kókó lára rárá. Bẹ́ẹ̀dì tí èmi ń sùn lé, àfàrà ni.

Èmi ni mo bá ọkọ̀ akẹ́rù gbé e lọ sí Òkukù. Tíṣà kúnlẹ̀ dúpẹ́, mo gbé e dìde, mo ṣàdúrà fún un pé ilé tuntun á tù ú lára. Ojú rẹ̀ kún fún omi, tèmi náà kún. Nígbà tí a ń padà bọ̀, dẹ́rẹ́bà bi mí bóyá àbúrò mi ni. Mo ní rárá, a jọ ṣiṣẹ́ ìwé rí ni. Ó ní obìnrin náà mọ̀rọ̀ sọ o. Mo ní kó máa wo iwájú.